Bí A Ti Ń Fi Èèkàn àti Okùn Fa Ìlà Ilé

Nígbà tí ilé titun bá parí, tí a kùn ún ní ọ̀dà, tí páànù orí rẹ̀ sì ń dán nínú oòrùn, àwọn ènìyàn a máa yìn ín. Wọn a yin káfíńtà nítorí òrùlé, wọn a yin bíríkìlà nítorí ògiri tí ó gún, wọn a sì yin onílé nítorí owó tí ó ná. Kò sí ẹni tí í béèrè àwọn èèkàn mélòó kan tí a kàn mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, nígbà tí koríko ṣì wà lórí ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèkàn wọ̀nyí ni ó pinnu ibi tí ògiri kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí, bí igun yóò ti gún tó, àti bí ilẹ̀ inú ilé yóò ti ga tó. Bí wọ́n bá tọ̀nà, gbogbo iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé wọn yóò rọrùn. Bí wọ́n bá yẹ̀, bí ọwọ́ bíríkìlà tilẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, ilé náà kò ní ṣàìwọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àṣìṣe orí ilẹ̀ rí: ní ọjọ́ kìn-ín-ní, òòlù kan ni a ó fi tún un ṣe, bí ògiri bá ti dìde tán, owó ńlá ni yóò gbà.

Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí ni fífa ìlà ilé. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí a mú ilé tí ó wà nínú àwòrán, kí a fi ìwọ̀n gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ó má tóbi jù, kí ó má kéré jù, kí ó má sì yà kúrò ní ipò rẹ̀. Lóde òní, àwọn awọnlẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ní èyí tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí à ń kọ́ ní ìlú àti ní abúlé, ọwọ́ ni a fi ń ṣe é: okùn, èèkàn, téèpù, òòlù, ìṣó àti pákó díẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí, bí ẹni tí ń ṣe é bá mọ ìlànà rẹ̀.

Ìṣòro kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ lóye. Ibi tí igun ilé yóò wà gan-an ni ibi tí a ó gbẹ́. Bí a bá kan èèkàn mọ́ igun ilé, tí a sì wọ̀n ọ́n dáadáa, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn alágbàṣe bá dé pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì? Wọn yóò hú èèkàn náà dànù pẹ̀lú erùpẹ̀, igun náà yóò sì sọnù. Nítorí náà, èèkàn oríṣi méjì ni akọ́lé ń lò. Èkínní ni èèkàn igun, tí ń fi ojú igun ilé hàn fún ìgbà díẹ̀. Èkejì ni èèkàn ìtọ́kasí, tí a kàn sí ẹ̀yìn ibi tí a ó gbẹ́, níbi tí ọkọ́ kò ní dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa tọ́ka sí ibi tí igun náà wà lẹ́yìn tí èèkàn igun bá ti lọ. Bí a bá ta okùn méjì kí wọ́n dábùú ara wọn, tí orí okùn kọ̀ọ̀kan sì wà lára èèkàn ìtọ́kasí lẹ́yìn yàrà, ibi tí okùn méjèèjì ti pàdé ni igun ilé. A lè tú okùn náà kúrò kí àwọn alágbàṣe lè gbẹ́lẹ̀, kí a sì tún ta á lọ́la tàbí ní oṣù tí ń bọ̀. Ibi kan náà ni wọn yóò ti pàdé.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, kí a tó kọ́ tẹ́ḿpìlì, ọba a máa ṣe ayẹyẹ títa okùn. Àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sí ara ògiri tẹ́ḿpìlì fi ọba hàn pẹ̀lú Seshat, abo òrìṣà ìwé kíkọ àti ìwọ̀n, bí àwọn méjèèjì ti ń kan èèkàn mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ta okùn sáàárín wọn. Ní Gísà, pírámídì ńlá ti Ọba Khufu, tí a kọ́ ní nǹkan bí 4500 ọdún sẹ́yìn, ṣì dúró títí di òní. Nígbà tí awọnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ J. H. Cole wọn ìdí rẹ̀, ó fi àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1925 pé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí mítà 230, àti pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù lọ àti èyí tí ó kúrú jù lọ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Okùn, ọ̀pá ìwọ̀n àti sùúrù ni àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ní lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 9. Kí a tó ronú nípa ilé, ilẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Àwọn awọnlẹ̀ a máa ri òpó kékeré tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe mọ́ igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a sì kọ nọ́ńbà sí orí rẹ̀. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà nínú pílánì ilẹ̀ mu. Akọ́lé kò gbọdọ̀ fi ọgbà aládùúgbò tàbí igi ọ̀pẹ ṣe ẹ̀rí ààlà, nítorí ọgbà lè yà, igi sì lè kú. Kí ó wá òpó náà rí, kí ó wọn láti ọ̀kan dé èkejì, kí ó sì fi ohun tí ó bá rí wé ohun tí pílánì sọ. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kí ó pe awọnlẹ̀ padà kí ó tó kan èèkàn kankan.

Àwọn òpó ààlà pàápàá kò ṣàdédé dúró. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ìwọ̀n ilẹ̀ ní Nàìjíríà fara ti àmì kan tí ó wà ní Minna, tí a ń pè ní L40. Láti ibẹ̀ ni a ti ń fi onígun mẹ́ta ńláńlá so àmì mọ́ àmì káàkiri orílẹ̀-èdè, títí tí ó fi kan òpó kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí ó wà ní Ọ̀yọ́, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé kò yàtọ̀ sí ti akọ́lé tí ó ní okùn lọ́wọ́: láti ara ohun tí ó tóbi tí ó sì dájú ni a ti ń wọn ohun tí ó kéré.

Nígbà tí ààlà bá ti dájú, a ó fa ìlà àkọ́kọ́. Bí àwòrán bá sọ pé kí iwájú ilé jìnnà sí ààlà iwájú ní mítà 6, a ó wọn mítà 6 láti ìlà ààlà náà ní apá ọ̀tún, a ó sì wọn ọ́n bákan náà ní apá òsì. A ó kan èèkàn mọ́ ibi méjèèjì, a ó sì ta okùn láàárín wọn kí ó le gírígírí. Àwọn èèkàn méjì yìí gbọ́dọ̀ jìnnà síra ju gígùn ilé lọ, kí wọ́n lè wà lẹ́yìn ibi tí a ó gbẹ́. Orí èèkàn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, nítorí náà orí èèkàn kò tó láti jẹ́ àmì. Ìṣó kékeré tí a kàn mọ́ àárín orí rẹ̀ ni àmì. Láti ara ìṣó náà ni a ti ń wọn.

Lórí okùn yìí ni a ó fi àmì sí igun kìn-ín-ní, kí a pè é ní A. A ó wọn mítà 12 láti A, ibẹ̀ ni B. Iwájú ilé ti wà. Ohun tí ó kù ni láti mú ìlà ẹ̀gbẹ́ jáde láti A, kí igun rẹ̀ gún régé bí igun ìwé. Ojú kò lè ṣe èyí, nítorí ojú a máa tan ni jẹ. Ìwọ̀n mẹ́ta ni a ń lò: 3, 4 àti 5. A ó wọn mítà 4 lórí okùn iwájú láti A, a ó sì fi àmì síbẹ̀. Ẹnì kan yóò di òdo téèpù mú ní A, yóò na téèpù sẹ́yìn dé mítà 3. Ẹlòmíràn yóò di òdo téèpù kejì mú níbi àmì mítà 4, yóò sì na tirẹ̀ dé mítà 5. Ibi tí 3 àti 5 ti pàdé, ibẹ̀ ni a ó kan èèkàn sí. Okùn tí ó bá ti A lọ gba orí èèkàn náà yóò bá okùn iwájú ṣe igun tí ó gún. Ìdí rẹ̀ ni pé 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 25, èyí tí í ṣe 5 lọ́nà 5. Onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá rí báyìí kò lè ṣàìní igun gígún kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè dán èyí wò lórí pápá ilé-ìwé pẹ̀lú okùn tí a ta ní kókó sí ibi 12 tí ó dọ́gba.

Síbẹ̀, onígun mẹ́ta kékeré ní ewu tirẹ̀. Bí àmì tí ó wà ní mítà 3 bá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 1 péré, nígbà tí a bá fa okùn náà dé mítà 9, àṣìṣe náà ti di sẹ̀ǹtímítà 3. Nítorí náà, bí àyè bá wà, kí a lo ìwọ̀n tí ó tóbi tí ó sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: 6, 8 àti 10, tàbí 9, 12 àti 15. Bí onígun mẹ́ta bá ti tóbi tó ni àṣìṣe kékeré yóò ti ṣòro láti fara pamọ́ tó.

Bí a bá ti wọn mítà 9 láti A dé igun ẹ̀yìn, kí a pe igun náà ní E, tí a sì ṣe bákan náà láti B dé D, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ a máa rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Wọn a wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn a rí 12, 9, 12 àti 9, inú wọn a sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin kò tó láti jẹ́rìí. Ẹ wo férémù fèrèsé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, tí ìṣó kan ṣoṣo wà ní igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tì í ní ẹ̀gbẹ́, yóò wọ́. Síbẹ̀ kò sí igi kan nínú rẹ̀ tí ó gùn sí i tàbí tí ó kúrú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé lè wọ́ tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì pé. Ohun tí ń tú àṣírí rẹ̀ ni ìwọ̀n láti igun dé igun: láti A dé D, àti láti B dé E. Nínú ilé tiwa yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 15. Bí a bá rí 15.06 ní ọ̀kan, tí a rí 14.94 ní èkejì, ìyàtọ̀ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, ohun tí ó sì ń sọ ni pé ẹ̀yìn ilé ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7 àti ààbọ̀ yà kúrò lẹ́yìn iwájú rẹ̀. Kí a sún D àti E papọ̀ sí ibi tí ó yẹ, kí a sì tún wọ̀n títí méjèèjì yóò fi dọ́gba.

Ní báyìí tí igun ti tọ́, a ó gbé e pamọ́ kúrò ní ojú ọ̀nà ọkọ́. Ní ẹ̀yìn igun kọ̀ọ̀kan, bí mítà 1 sí mítà 1 àti ààbọ̀ sí etí yàrà, a ó ri igi méjì mọ́lẹ̀, a ó sì kan pákó kan dábùú wọn. Igun kọ̀ọ̀kan ní irú pákó bẹ́ẹ̀ méjì, ọ̀kan fún ìlà gígùn, ọ̀kan fún ìlà ìbú. Kí a pe pákó yìí ní pákó ìlà. A ó ta okùn gba orí èèkàn igun dé orí pákó ìlà, ibi tí ó bá kàn ni a ó kan ìṣó sí. Bí ìṣó yìí bá dúró fún àárín ògiri, a ó wọn àwọn yòókù láti ara rẹ̀. Bílọ́ọ̀kù tí ó wọ́pọ̀ fún ògiri ilé nípọn mìlímítà 225, a sì sábà máa ń gbẹ́ yàrà rẹ̀ ní ìbú mìlímítà 675, èyí tí í ṣe ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Nítorí náà, a ó kan ìṣó méjì fún ojú ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 11.25 sí ìṣó àárín, a ó sì kan méjì fún etí yàrà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 33.75. Okùn orí ìṣó etí yàrà ni àwọn agbẹ́lẹ̀ yóò tẹ̀lé. Okùn orí ìṣó ògiri ni bíríkìlà yóò tẹ̀lé lẹ́yìn wọn. Pákó kan náà ni ó ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, kò sì sí ìjà láàárín wọn.

Ìwọ̀n gíga náà ní àmì tirẹ̀. Ilẹ̀ kì í sábà tẹ́jú, nítorí náà a kò gbọdọ̀ wọn gíga ìpìlẹ̀ láti ojú ilẹ̀, nítorí yóò ga níhìn-ín, yóò sì lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. A ó yan ohun kan tí kò ní mì títí ilé yóò fi parí, bí òpó sìmẹ́ńtì tí a rì mọ́lẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́, a ó sì fi ọ̀dà fa ìlà kan sí i lára. Láti ara ìlà yìí ni gbogbo gíga yóò ti wá. Láti gbé e dé orí àwọn pákó ìlà, a ń lo ọ̀pá rọ́bà gígùn tí a lè rí inú rẹ̀. A ó bu omi kún un, a ó sì rí i dájú pé afẹ́fẹ́ kankan kò há sínú rẹ̀. Ẹnì kan yóò gbé ẹnu kan dúró ti ìlà ọ̀dà, ẹlòmíràn yóò gbé ẹnu kejì dúró ti igi pákó ìlà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìka dí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí omi bá fara balẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹnu méjèèjì yóò wà ní gíga kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìtì wà láàárín wọn. Omi kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ibi tí ó bá dúró sí ni a ó sàmì sí, ibẹ̀ ni a ó sì kan orí pákó mọ́.

Lẹ́yìn tí a bá gbẹ́ yàrà tán, tí a sì da kọnkéré sí ìdí rẹ̀, a ó tún okùn ta lórí àwọn ìṣó. Láti ibi tí okùn méjì ti dábùú ara wọn, a ó sọ okùn ìwọ̀n sílẹ̀, èyí tí a so irin wúwo mọ́ ìdí rẹ̀. Ibi tí ẹnu irin náà bá tọ́ka sí lórí kọnkéré ni igun tí a ti sọ pé ó kú. Ó ti jí padà sí ipò rẹ̀ gan-an, bíríkìlà sì lè gbé bílọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lé e.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọn yàrá inú ilé tún lè ba iṣẹ́ rere jẹ́. Bí yàrá mẹ́rin bá tò lẹ́sẹẹsẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3 láti àárín ògiri kan dé àárín èkejì, ọmọ iṣẹ́ a máa wọn ti àkọ́kọ́, a ó gbé òdo téèpù lọ sí òpin rẹ̀, a ó wọn èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹrin. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 yẹ̀ sí apá kan náà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe rẹ̀ yóò ti di sẹ̀ǹtímítà 4 ní òpin ilé. Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kì í gbé òdo kúrò ní A. Yóò na téèpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì sàmì sí 3, 6, 9 àti 12. Bí ó bá ṣìṣe níbi 6, àṣìṣe náà yóò dúró níbi 6. Kò ní bá a dé 9.

Kí a ṣọ́ téèpù pẹ̀lú. Téèpù tí irin ẹnu rẹ̀ ti ká tàbí tí ó ti já kò ní òdo mọ́. Téèpù aláṣọ tí ó ti gbó a máa nà bí a bá fà á. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a kò gbọdọ̀ tẹ́ téèpù lé ojú ilẹ̀; kí ó nà gbọọrọ lófuurufú, kí a sì fi okùn ìwọ̀n sọ òpin rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá wọn mítà 12 tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó fi mítà 1 lọ sílẹ̀, gígùn tí a rí ní tòótọ́ kò ju mítà 11 àti sẹ̀ǹtímítà 96 lọ. Ilé ti kúrú ní sẹ̀ǹtímítà 4, kò sì sí ẹni tí ó jí i.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti parí, ìṣọ́ ni ó kù. Ọkọ̀ tí ń kó yanrìn lè fi ẹ̀yìn kọlu èèkàn. Alágbàṣe lè jókòó lé pákó ìlà lórí láti jẹun. Ọmọdé lè fa èèkàn yọ láti fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a rì í jìn, kí a da kọnkéré yí i ká, kí a kùn ún ní ọ̀dà pupa, kí a sì fi igi ṣe ọgbà kékeré yí i ká. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé èèkàn kan yọ, ọmọ iṣẹ́ lè wí pé, “Ọ̀gá, ihò rẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ kí n dá a padà sínú rẹ̀.” Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yóò dá a lóhùn pé, “Rárá, ọmọ mi. Ihò ti fẹ̀, kò mọ ibi tí ìṣó wà mọ́. Lọ mú téèpù wá.” Yóò sì wọn ibẹ̀ padà láti ara àwọn èèkàn tí ó kù. Ìdí nìyí tí èèkàn ìtọ́kasí kò fi gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta. Bí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ méjì, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì bára mu, ta ni a ó gbà gbọ́? Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, méjì yóò fi ẹ̀kẹta tí ó ń purọ́ hàn.

Ẹni tí ó bá rò pé wàhálà yìí pọ̀ jù, kí ó ro ohun tí ó lè ti ibẹ̀ wá. Bí ìlà ìpìlẹ̀ bá yà, ògiri kò ní dúró sí àárín kọnkéré ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan yóò ru ẹrù ju èkejì lọ, ilẹ̀ lè rì lábẹ́ rẹ̀, ògiri a sì sán. Bí igun bá wọ́, káfíńtà yóò gé igi òrùlé tí kò ní dọ́gba, páànù yóò sì yọ sóde ní apá kan ju apá kejì lọ. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò, ọ̀rọ̀ á di ti ilé ẹjọ́, a sì lè pàṣẹ pé kí a wó ohun tí ìdílé kan ti fi owó ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ọjọ́ kan ni a fi ń fa ìlà ilé bí èyí dáadáa. Igi gańgań-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Bí ẹ̀rọ titun bá dé ibi iṣẹ́, kò sọ ìlànà yìí di asán. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ ojú àmì méjì tàbí mẹ́ta tí ó dájú kí ó tó lè sọ ibi tí ìyókù wà; bí a bá fún un ní àmì tí ó ti yẹ̀, yóò fi ìyára ńlá ṣi gbogbo ilé gbé kalẹ̀. Yálà okùn ni a lò tàbí ìmọ́lẹ̀, ohun mẹ́ta ni kò yí padà: kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tí ó dájú, kí a gbé àmì kúrò ní ojú ọ̀nà ewu, kí a sì máa fi ìwọ̀n mìíràn yẹ ìwọ̀n tí a ti ṣe wò.

Ní ọjọ́ tí ògiri bá ti ga, tí igun rẹ̀ sì ti lè dá dúró, a ó tú okùn, a ó yọ ìṣó, a ó sì hú àwọn èèkàn. Ẹni tí ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ lè fi wọ́n se ẹ̀wà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí yóò rántí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yóò máa ṣí láìha ilẹ̀, òjò yóò máa ṣàn bákan náà láti etí òrùlé, aládùúgbò kò sì ní rí ìdí kan láti pe onílé lẹ́jọ́.